Kí Koríko Má Hù Lójú Ọ̀nà: Ìrètí ní Àkókò Ìnira

Mo mọ iye tí wọ́n ń gbà lówó ọkọ̀ báyìí, mo sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni ẹlòmíràn nínú yín fi rìn débí. N kò ní fi àárẹ̀ yín ṣeré.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrètí ní irú àkókò tí a wà yìí. Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù, nítorí a ti lò ó gbó. Ó wà lára mọ́tò, ó wà lókè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, òun ni oníwàásù fi ń kádìí ìwàásù nígbà tí kò mọ ohun mìíràn tí yóò sọ. Kí n má baà fi ohun tó ti gbó bọ̀ yín lọ́wọ́, ìyá kan ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni n ó wọ inú ìtàn.

Láìnì ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́

Ìyá yìí ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà tí mo ti ń rajà. Ọmọkùnrin rẹ̀ gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, kó lè ti ibẹ̀ wọ Yúróòpù. Ìgbà tó pè kẹ́yìn, ó ní àwọn ti dé Agadez, ó ní kí ìyá òun má bẹ̀rù. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin báyìí, kò pè mọ́. Lọ́jọ́ kan, mo bá ìyá náà lọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó ń ta káàdì. Fóònù kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti fọ́, rọ́bà ni wọ́n fi so ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀. Mo ní, "Ìyá, ṣé fóònù yìí ò tíì gbó tó ni? Ṣebí àwọn ọmọ yín ti ra tuntun fún yín." Ó wò mí, ó ní, "Tíṣà, nọ́ńbà inú eléyìí nìkan ni ọmọ mi mọ̀ sórí. Wọ́n ní béèyàn ò bá lo láìnì fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á gbà á fún ẹlòmíràn. Ọgọ́rùn-ún náírà ni mo máa ń lóòdù sí i lóṣooṣù."

Kò sọ fún mi pé òun ní ìrètí. Kò pe orúkọ rẹ̀ rárá. Ó gba fóònù rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú àpò, ó padà sídìí ẹ̀fọ́.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tó kú, a ó sin ín, a ó sunkún rẹ̀, àwọn ará ilé á wá bá wa jókòó, díẹ̀díẹ̀ ni ọkàn á máa rọlẹ̀. Ẹni tó nù kò ní sàréè, ọ̀fọ̀ rẹ̀ kò ní ọjọ́ kẹjọ, kò ní ogójì. Ohun tí ìyá yìí fi ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni mo wá bá yín sọ.

Láyé àtijọ́, bí òjò bá ti rọ̀ tó, ìlú á kéde ọ̀nà yíyẹ. Gbogbo ọkùnrin tó lágbára á gbé àdá, wọ́n á lọ yẹ ọ̀nà oko, wọ́n á yẹ ọ̀nà odò, wọ́n á yẹ ọ̀nà tó lọ sí ìlú kejì. Kì í ṣe pé wọ́n ti rí àlejò tó ń bọ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí àlejò bá ń bọ̀, tí koríko bá ti bo ojú ọ̀nà, inú igbó ni yóò ṣìnà sí. Èrò ọkàn mi nìyí, òun náà sì ni gbogbo ẹrù tí mo rù wá: ọ̀nà yíyẹ ni ìrètí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ lè ṣe é. Ẹni tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ lè ṣe é.

Ọkọ̀ tí wọ́n sọ ní Ìrètí

Ẹ bá mi ká lọ sí Òṣogùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń fọ́. Àfọ̀njá ti dìtẹ̀ ní Ìlọrin, ìlú ń dìde sí ìlú, ogun sì ti di iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ fi ń jẹun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí àwọn obìnrin ṣe ń gbọ́ oúnjẹ, ogun wọ̀lú. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí kò tíì ju bí ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ó dojú bolẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ bí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Àjàyí. Bàbá rẹ̀ sáré wálé, ó ní kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Ọmọ náà kò tún fojú kàn án mọ́. Ìyá rẹ̀ kó àwọn ọmọ sá wọgbó, ọmọ ọwọ́ wà lára wọn. Ọwọ́ bà wọ́n níbẹ̀, wọ́n sì fi okùn so wọ́n lọ́rùn.

Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tún tà á, wọ́n tún un tà, ọwọ́ ni ó ń bọ́ sí lẹ́yìn ọwọ́. Ìgbà kan dé tí ayé sú u pátápátá, tó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ èyí sílẹ̀ ní ọdún 1837, nígbà tí ó ti di olùkọ́. Mo dúpẹ́ pé kò fi pamọ́. Bí ẹnìkan bá wà níhìn-ín tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti wá sọ́kàn rẹ̀ lóru, kí ó mọ̀ pé ẹni tí ó di bíṣọ́ọ̀bù gba ibẹ̀ kọjá, kí ó sì wá ẹni tí yóò bá sọ ọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ní Èkó, ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó o pẹ̀lú àwọn yòókù sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Àwọn 187 ni wọ́n. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Esperança Feliz. Bí a bá pè é ní èdè wa, Ìrètí Aláyọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí á dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ẹnìkan jókòó, ó ronú, ó sì fi ọ̀dà kọ Ìrètí sára ọkọ̀ tí ó fẹ́ fi kó ọmọ ọlọ́mọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹni náà gbàdúrà kí ọkọ̀ rẹ̀ tó ṣí. Fún un, èrè ni ìrètí. Fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, tí wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ, tí wọn kò rí oúnjẹ àárọ̀ tàbí ti alẹ́ jẹ lọ́jọ́ náà, pàǹpẹ́ ni.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó ń jẹ́ Ìrètí ni ó ń gbé ni délé. Títí di òní ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ná ẹnu ọ̀nà wa. Ẹni tó ní òun á mú ọmọbìnrin yín lọ kọ́ iṣẹ́ irun lókè òkun, tí kò jẹ́ kí ẹ mọ ilé tí yóò gbé, ọkọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ètò tó ní owó yín á di ìlọ́po méjì kí oṣù tó parí, òun náà nìyẹn. Olóṣèlú tó ń ṣèlérí pé kí ẹ sáà fara dà á, tí kò sọ ohun tí òun náà ń fara dà, àti wòlíì tó ń ta òróró fún aláìsàn tó sì ní kó má lọ sí ọsibítù, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń wà. Èmi jẹ́ ẹlẹ́sìn, ó sì dùn mí láti sọ ọ́: lórúkọ Ọlọ́run ni a ti fi ọ̀dà kọ Ìrètí sára ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀, ẹ bèèrè ẹyọ kan: ṣé ó fi ọ̀nà àbọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá wọ̀ ọ́?

Lọ́jọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ Pọtogí náà. Wọ́n kó Àjàyí àti àwọn ọmọdé mìíràn sínú ọkọ̀ ogun. Bí wọ́n ti débẹ̀, wọ́n rí ẹran tí wọ́n gbé kọ́, wọ́n sì rí ọta àgbá dúdú róbótó-róbótó nílẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni, pé orí wọn ni ọta wọ̀nyẹn. Wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n rí pátákò lẹ́sẹ̀ ẹran náà. Ẹlẹ́dẹ̀ ni.

Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ìgbàlà ti dé bá àwọn ọmọ yìí, wọn kò dá a mọ̀, nítorí ohun tí ojú wọn ti rí ti kọ́ ojú wọn láti máa rí ikú níbi gbogbo. Bí ojú tiwa náà ti rí lónìí nìyẹn. Bí ẹnìkan bá ṣe wá lóore, a ó bèèrè ohun tó ń wá. Bí ìjọba bá ṣe ohun tó dára kan, a ó wá orí ènìyàn nínú rẹ̀. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ejò ti ṣán wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ní ìgboyà àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, kí á sún mọ́ nǹkan, kí á wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kí á tó sá.

Òtítọ́ tó ń dunni

Kí n tó tẹ̀síwájú, mo ní láti sọ ohun kan tí n kò gbádùn láti máa sọ. Àwọn tó gbọ́ èdè Àjàyí wà lára àwọn tó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Ọjà tiwa ni wọ́n ti ná an. Òyìnbó ra ẹrú ní etíkun, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹni dúdú ni ó sin ẹrú náà débẹ̀. Bí a bá ń gbàdúrà fún ilẹ̀ yìí, tí a sì ń ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn àjèjì nìkan, orí ahọ́n ni àdúrà wa yóò kú sí.

Ogun náà kò sì ní ẹ̀sìn tàbí ìlú kan. Òwu tú, àwọn Ẹ̀gbá tú, Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro. Ẹni tó kó ẹrú lánàá, òun ni wọ́n kó lónìí. Àwọn baba ńlá wa kì í ṣe ẹ̀dá burúkú jù wá lọ. Wọ́n jẹ́ ènìyàn tí ẹ̀rù bà, tí àìní há mọ́, tí ẹnìkan sì fún ní ìbọn. Ìdí nìyẹn tí ìtàn wọn fi gbọdọ̀ ba àwa náà lẹ́rù.

Àwọn tí wọ́n ń pè ní Àkú

Ní oṣù kẹfà ọdún 1822 ni Àjàyí dé Sierra Leone. Àwọn bíi tirẹ̀ pọ̀ níbẹ̀: Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, àwọn tí ìlú wọn ti bá ara wọn jà. Kò sí ọba, kò sí ògiri ìlú, kò sí ojúbọ ìdílé. Kí ni ó ṣẹ́kù? Ìkíni. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ kú. Bí oòrùn bá mú, ẹ kú. Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, lọ́jà, níbi òkú, ẹ kú. Àwọn tó ń gbọ́ wọn sọ wọ́n ní Àkú nítorí rẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ wọn lórí.

Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Wọ́n ti gba ilé lọ́wọ́ wọn, wọn kò rí ìkíni gbà. Ẹnu ìkíni yẹn ni wọ́n fi yẹ ọ̀nà sí ara wọn. Ọmọ Ọ̀yọ́ àti ọmọ Ẹ̀gbá tí ì bá pa ara wọn nílé rí i pé èdè kan náà ni àwọn fi ń ṣọ̀fọ̀. Nígbà tó sì di nǹkan bí ọdún 1839, àwọn kan nínú wọn tó ti ń ṣòwò ra ọkọ̀ òkun ní gbàǹjo, lára àwọn tí ìjọba gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi ọkọ̀ náà wá sí Àgbádárìgì. Igi kan náà tí wọ́n fi kó ènìyàn lọ ni ó gbé ènìyàn bọ̀. Èyí ni mo ń pè ní ìrètí. Owó ni wọ́n fi rà á, òógùn ojú ni wọ́n fi tún un kàn.

Àwọn tí ọkọ̀ tiwọn kò bá ọkọ̀ ogun pàdé dé Bahia ní Bùràsíìlì, àwọn mìíràn dé Kúbà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó àti Lùkùmí. Àwọn náà yẹ ọ̀nà. Wọ́n kọ́ ilé fún òrìṣà ní Salvador, títí di òní ni orúkọ Ìyá Nasò ṣì wà lára ọ̀kan nínú rẹ̀, àwọn tí kò tẹ ilẹ̀ Yorùbá rí sì ń fi èdè wa pe Ṣàngó. Ọ̀nà náà gùn, koríko kò bò ó.

Ọwọ́ nínú ọwọ́, láìsọ̀rọ̀

Wọ́n ri Àjàyí bọmi ní ọdún 1825, wọ́n sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Ó kàwé ní Fourah Bay, ó kọ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ọdún yẹn náà ni wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ́nù. Ní 1846, ó dé Abẹ́òkúta, ìlú tí àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé ti tẹ̀dó sábẹ́ àpáta Olúmọ ní nǹkan bí ọdún 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn. Ìlú àwọn tó pàdánù ilé ni. Ó bá ibẹ̀ mu.

Ìròyìn dé etí ìyá rẹ̀, Afala, pé ọmọ rẹ̀ wà láàyè. Lọ́jọ́ 21, oṣù kẹjọ, ọdún náà, ìyá àti ọmọ fojú kanra lẹ́yìn ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n. Crowther kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Ẹ ò bá rò pé wọ́n kígbe, tàbí pé wọ́n kọrin. Wọ́n jókòó. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀. Omijé ń bọ́ lójú ìyá, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà ọmọ náà máa ń pè é nígbà èwe kí i.

Àwọn orúkọ wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mú délé. Odidi ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n ni ìyá yìí fi pa wọ́n mọ́, ogun tún kó o láàárín rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ẹni tó ni orúkọ wà láyé. Ọmọ náà ti ń jẹ́ orúkọ mìíràn, ó ń wọ aṣọ mìíràn, ó ń sin Ọlọ́run lọ́nà mìíràn. Àwọn orúkọ yẹn nìkan ni ọ̀nà tí koríko kò tíì hù sí. Ní 1848, wọ́n ri ìyá náà bọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Ẹ má sì jẹ́ kí á sọ ìtàn yìí di àlọ́. Afala rí ọmọ rẹ̀, àìmọye ìyá kò rí tiwọn. Ọ̀nà yíyẹ kì í ṣe ìdánilójú pé àlejò yóò dé.

Ìwé tó sọnù

Mo ní ẹ̀rí kan sí i. Ní ọdún 1846 yẹn kan náà ni wọ́n bí Samuel Johnson ní Hastings, ní Sierra Leone. Ó di àlùfáà, ó gbé Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877 láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, ó wà lára àwọn tó ń ru ìwé àlàáfíà láti àgọ́ kan sí èkejì, títí wọ́n fi fọwọ́ sí àdéhùn ní 1886. Bí ó ti ń rìn ni ó ń bèèrè ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà. Ó parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba fún títẹ̀. Ìwé náà sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìrí i.

Ẹ wo ara yín bí ẹni náà. Iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé yín, ẹ kò rí i mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù jọ, ó tún ìwé náà kọ. Nígbà tó tún fi ránṣẹ́ ní 1916, àwọn Jámánì gba ọkọ̀ tó gbé e lójú òkun. Ìwé náà padà rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ọdún 1921 ni ó jáde. Obadiah ti kú ní 1920.

Ẹ̀gbọ́n kò rí i, àbúrò kò rí i. Àwa ni a rí i. Gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ìtàn Yorùbá lónìí, bí ó tilẹ̀ ń bá Johnson jiyàn, ojú ọ̀nà tí ọkùnrin méjì yẹ̀ tí wọn kò sì gbà kọjá ni ó ń tọ̀.

Àwa ńkọ́?

Lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 2022, wọ́n pa bí ogójì ènìyàn nínú ilé ìsìn ní Ọ̀wọ̀. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Emùré-Èkìtì, bí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀, awakọ̀ wọn kò sì bá wọn dé. Ọmọ tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀ nínú igbó: ṣé Òṣogùn kọ́ nìyí? Èmi kò ní sọ fún yín pé gbogbo rẹ̀ yóò dára. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá tó sin ọmọ ní Ọ̀wọ̀, ọ̀dà ló mú lọ́wọ́.

Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹ̀sìn mẹ́ta tó wà nínú yàrá yìí mọ ọ̀nà yíyẹ. Nígbà tí ogun yí Jerúsálẹ́mù ká, tí ìlú fẹ́ ṣubú, wòlíì Jeremáyà san owó ilẹ̀ ní Ánátótì, ó sì ní kí wọ́n tọ́jú ìwé rẹ̀ sínú ìkòkò amọ̀. Àwọn Mùsùlùmí mọ ọ̀rọ̀ Ànábì pé ẹni tí igi kékeré bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ayé fẹ́ parí, kí ó gbìn ín bó bá lè ṣe é. Nínú ìṣe ìbílẹ̀, àwọn ìyá tiwa ńkọ́? Obìnrin tó ti sin ọmọ mẹ́ta tẹ̀ léra, tó tún gbé ìkẹrin lọ́wọ́, tó sì sọ ọ́ ní Dúrójayé, ní Málọmọ́, ní Bánjókòó. Orúkọ yẹn, ọ̀nà yíyẹ ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín sí. Ẹ máa sọ òtítọ́ ìtàn fún àwọn ọmọ, títí kan èyí tó tì wá lójú, nítorí ẹni tí kò mọ bí a ṣe tà á yóò tún ọjà náà kọ́. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó nù sílẹ̀, àwọn tí wọ́n jí gbé, àwọn tó gba aṣálẹ̀ lọ. Kí ìjọ àti mọ́sáláṣí má fi wọ́n sínú "àwọn arákùnrin wa kan", kí wọ́n máa pe orúkọ wọn. Ẹ̀kẹta, ẹ máa kí ara yín. Ẹ kí aládùúgbò tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀, ẹ kí àjèjì tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ìkíni ni àwọn Àkú fi di ènìyàn kan.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan wà níhìn-ín tí kò bá ọmọ ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ilẹ̀ bàbá wọn. Ẹlòmíràn wà tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà, tí wọ́n jà lórí fóònù, tí èkíní ń retí kí èkejì pè. Kí oòrùn òní tó wọ̀, ẹ pe ẹni náà. Bí kò bá gbé e, ẹ tún pè é lọ́la.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra ẹ̀fọ́. Ọmọ ìyá náà kò tíì pè. Fóònù tí wọ́n fi rọ́bà so wà lórí igbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọkọ, níbi tí etí rẹ̀ ti lè gbọ́ ọ.